Hẹ́dífóònù Olówó Gọbọi àti Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ìbàdàn jàjà wọ àpò báǹkì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí ó ti ń retí rẹ̀, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de owó náà. Òrùlé ń jò ní yàrá àlejò. Bátìrì ínfátà ti kú láti ìgbà ọyẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ti di ará ilé karùn-ún nínú ilé tí ènìyàn mẹ́rin ń gbé. Ohun kẹta ni èyí tí Bàbá Ìbejì kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: hẹ́dífóònù kan, HD 800 S ti ilé-iṣẹ́ Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì, tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó ọjà wọlé láti Dubai sọ pé mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ni òun yóò gbà lórí rẹ̀.

Kí òǹkàwé má tíì rẹ́rìn-ín. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láìjẹun, láìwọkọ̀, láìsan owó ilé, kí ó tó lè ra ohun kan tí a ń gbé lé orí bí gèlè. Ìyàwó rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí fún un ní ọjọ́ tí àṣírí tú. "Bàbá Ìbejì, ṣé etí ń dùn yín ni?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó tọ́ kí a fi kún un pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan kọ́ ló gbé owó rẹ̀ dé ibi tó dé. Nígbà tí HD 800 S jáde ní ọdún 2016, nǹkan bí 1,700 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ sínú ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 465 náírà lọ ní báǹkì, fún ẹni tó bá rí i rà níbẹ̀. Ní ìṣirò yẹn, owó hẹ́dífóònù náà kò pé 800,000 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi wọ oṣù kejì, dọ́là kan ti dé nǹkan bí 1,500 náírà. Hẹ́dífóònù kò yí padà, etí ọmọ ènìyàn kò sì yí padà. Náírà ló já bọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀, kì í ṣe orin ni Bàbá Ìbejì fẹ́ fi í gbọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni. Ní ọdún 1987, ní alẹ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, ẹnì kan gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó ti ń ki oríkì ìran ọkọ rẹ̀. Obìnrin ilé ni ìyá náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú wọn sì máa ń mọ oríkì ilé ọkọ ju ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ, nítorí àwọn ni wọ́n ń fi í jí ọkọ, tí wọ́n ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó kú ní ọdún 1998. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ohùn rẹ̀ ló kù láyé, nínú kásẹ́ẹ̀tì kan tí ike rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà.

Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìyá náà dárúkọ ibi tí baba ńlá ìdílé ti ṣí wá. "Ọmọ ará" ló wí, ọ̀rọ̀ kan sì tẹ̀ lé e tí ariwo kásẹ́ẹ̀tì gbé mì ní ààbọ̀. Yálà Ọ̀fà ni, tàbí ọ̀sà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ìlú Olọ́fà lókè lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, èkejì sì jẹ́ omi ńlá tó na apá láti Èkó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí etí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan sọ gbogbo ìran náà di ará òkè, èkejì sọ wọ́n di ará omi.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí èdè Yorùbá fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ yàtọ̀ kò wúlò níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́ àti ọkọ̀ ni, ohùn yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsí wàhálà, kódà bí onílù bá fi dùndún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ méjì-méjì ni Ọ̀fà àti ọ̀sà ní. Bí dùndún bá ṣe sọ ọ̀kan ni yóò ṣe sọ èkejì. F àti s nìkan ló lè ṣe ìdájọ́, atẹ́gùn lásán sì ni lẹ́tà méjèèjì yìí: ọ̀kan ń gba àárín ètè àti eyín jáde, èkejì ń sín gba ẹ̀yìn eyín kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá má le tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ẹbí fẹ́ tẹ ìwé ìtàn. Wọ́n ti dá owó jọ, wọ́n ti mú ọjọ́ àjọ̀dún, atẹ̀wé sì ti ń béèrè ojú ìwé àkọ́kọ́, èyí tí yóò sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Bùrọ̀dá tó lówó jù nínú ẹbí ń fẹ́ kí ó jẹ́ Ọ̀fà. Ọmọ Ọ̀fà ni ìyàwó rẹ̀, àwọn kan sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kò ní ẹ̀rí mìíràn ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà méjì takú pé ará omi ni àwọn, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn kì í fi í jẹ ẹja àrọ̀. Wọ́n wá pàṣẹ fún olùkọ́, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì wà, pé kí ó lọ gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ wí, kí ó sì padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà. Oṣù méjì ni wọ́n fún un.

Ó kọ́kọ́ pe Ìyá Kékeré, orogún ìyá rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ní agboolé, tí ó ti súnmọ́ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá náà ki oríkì náà lórí fóònù, kò gbàgbé ìlà kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ló jáde: atẹ́gùn láàárín fáwẹ̀lì méjì. Ìdí wà fún èyí. Láti ayé fóònù onídírówáyà títí dé fóònù kékeré olóríi-bọ́tìnì tí Ìyá Kékeré ń lò, ohùn tó ń gba orí ìlà kọjá kì í ju èyí tó ń gbọ̀n láti ìgbà 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó tó láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti láti gbọ́ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìsín lẹ́tà s ń gbé, ìdí nìyí tí àwọn tó bá ń pe orúkọ lẹ́tà lórí fóònù fi máa ń ṣi f gbọ́ sí s.

Ó bi í léèrè tààrà: "Ìyá mi, ṣé ìlú ni àbí omi?"

"Ọmọ mi, bí ìyálé mi bá ti pè é ni èmi náà ń pè é tẹ̀ lé e. Èmi ò béèrè ibi tó wà."

Bàbá Ìbejì ronú láti wọkọ̀ lọ bá a, ó wá rántí pé eyín iwájú ti tán lẹ́nu Ìyá Kékeré. Eyín sì ni f àti s gbára lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí hẹ́dífóònù fi wọ̀ ọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń ka ohun tí àwọn tó ra èyí tó wọ́n gan-an ń sọ, gbogbo wọn sì ń sọ ohun kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà: pé àwọn gbọ́ nínú orin tí àwọn ti mọ̀ fún ogún ọdún ohun tí àwọn kò gbọ́ rí. Èémí akọrin kí ó tó la ẹnu, ìka tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá, àga tó ń dún lábẹ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù. Ènìyàn tó ń wá lẹ́tà kan láti ọdún 1987 kò lè ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má fò sókè.

Bí ó ti wù kí ó rí, hẹ́dífóònù kò bẹ̀rẹ̀ bí ohun afẹ́. Ní ọdún 1910, Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, ń to irú rẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi tó fẹ́ gbọ́ ìró tí kò lágbára láti ọ̀nà jíjìn. Ó di ọdún 1958 kí John Koss ní ìlú Milwaukee tó gbé èyí tí a lè fi gbádùn orin jáde. HD 414 ti Sennheiser dé ní ọdún 1968 pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, Walkman ti Sony sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde sí títì ní ọdún 1979. Bàbá Ìbejì tó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ariwo ti padà sí ìdí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Táíwò, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kọ́kọ́ wá sáyé nínú àwọn ìbejì, ni ó kọ́kọ́ fi ìwádìí kan hàn án tó mú un dákẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 2017, Jeroen Breebaart wo ìwọ̀n ohùn hẹ́dífóònù 283, àti èyí tó ń bo etí, àti èyí tó ń jókòó lórí rẹ̀, àti èyí tó ń wọ inú ihò etí. Ó fi bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn jáde, láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, wé iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò rí ìbátan kankan láàárín méjèèjì. Kí a má ṣì í gbọ́: kò sọ pé bákan náà ni gbogbo wọn. Àwọn kan dára gan-an, àwọn kan burú. Ohun tó sọ ni pé owó kò lè tọ́ni sọ́nà láti dá wọn mọ̀, gẹ́gẹ́ bí owó aṣọ kò ti lè sọ bóyá yóò bá ara ẹni mu.

Owó náà ń ra nǹkan, a kò lè jiyàn ìyẹn. Ó ń ra ìrọ̀rùn lórí fún wákàtí mẹ́fà. Ó ń ra ọ̀tún àti òsì tó jọra bí ìbejì, àti wáyà tí a lè yọ kí a fi òmíràn sí i. HD 600, èyí tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní ọdún 1997, ṣì wà lọ́jà, tìmùtìmù rẹ̀ ṣì ṣeé rà lọ́tọ̀, ẹni tó rà á nígbà náà sì lè ṣì máa lò ó. Ọ̀pọ̀ íápíìsì aláìníwáyà tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà ní Ìkẹjà báyìí, bí bátìrì inú rẹ̀ bá ti kú, ó ti di ìdọ̀tí. Ẹni tó bá fi ọdún pín owó kò ní sọ pé HD 600 wọ́n.

HD 600 gan-an ni Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ fi sí etí. Ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ kan ní sítúdíò kékeré ní Bódìjà, níbi tó ti ń gba orin àti ìwàásù sílẹ̀. Ó gba olùkọ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó pa fáànù, ó ti ilẹ̀kùn onítìmùtìmù, ó sì gbé hẹ́dífóònù náà lé e lórí bí ẹni ń dé àgbà ládé. Inú fóònù ni ohùn náà wà. Ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ló ti bá a gbé e láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú fóònù ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ohun tó gbọ́ kò ṣeé fi ṣeré. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fa èémí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọmọdé kan tó ń tọrọ omi, ẹnì kan sì ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ilé, odó kan ń dún, ó ń dún láìdáwọ́dúró, tí kò tíì gbọ́ rí láti nǹkan bí ogójì ọdún tó ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ yí ojú sí ibòmíràn.

Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ó gbọ́ ariwo náà kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀.

"Sà," ni ọmọkùnrin náà wí nígbà tí ó ti gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, "hẹ́dífóònù kò lè sọ ohun tí wọn kò bá gbé fún un. Ohùn òkè ti bọ́ kí ó tó wọnú fóònù yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ra ti mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi gbé e kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì?"

Bàbá Ìbejì kò mọ̀. Ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń ya ni lẹ́nu nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tó ti ka ojú ìwé tó tó ogún nípa hẹ́dífóònù kò tíì fi ìṣẹ́jú kan béèrè nípa ẹ̀rọ tí ohùn ti ń bọ̀.

Ọmọkùnrin náà ní kí ó mú HD 600 lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó lè mọ ohun tó fẹ́ rà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́ ọ ní ohun tí àwọn tó ń yin ọjà wọ̀nyí kì í sábà sọ, bóyá nítorí pé ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ń gbé. Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ń jẹ́ kí ohun ìta wọlé bí ìgbà tí a kò bo etí rárá. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ohùn inú rẹ̀ dà bí ohun tó wà nínú yàrá, kì í ṣe nínú agbárí. Nínú ilé tó dákẹ́, ẹ̀bùn ni. Nínú ilé Bàbá Ìbejì, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ wọlé, ti aládùúgbò ọ̀tún wọlé, ti ṣọ́ọ̀bù onídírẹ́sà tó wà lójúkojú náà kò gbẹ́yìn. Èémí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ ní Bódìjà lọ tán. Yàtọ̀ sí èyí, fóònù rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tó yẹ. Hẹ́dífóònù onírú yìí ń fẹ́ ẹ̀rọ amóhùnlágbára tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí àwọn eléré ń pè ní áńpù, owó ọ̀tọ̀ sì ni. HD 800 S tó wà ní Dubai, ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ṣí sílẹ̀, ó sì ń fẹ́ áńpù bákan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, Táíwò ní kí àwọn dán nǹkan kan wò. Ó ní ohun kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń sín ní ìwọ̀n tí a bá ní kó sín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 4,000. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó gbọ́ 8,000, ó ní ó jìnnà díẹ̀. Ní 10,000, ó ní kí ó dúró ná, ó di ojú, ó ní bóyá. Ní 12,000, ó ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ó ti ń dún láti àárọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ọ títí dé 16,000. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni bàbá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ. Etí ọ̀dọ́ tó pé lè gbọ́ dé nǹkan bí 20,000, láti òkè ni ọjọ́ orí sì ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe HD 800 S kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó ń gbé ohùn tó ju 40,000 lọ. Àdán nìkan ló lè gbádùn apá yẹn. Èyí tó kù nínú rẹ̀ fún ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, owó rẹ̀ kò sì dín kù nítorí ìyẹn.

Alẹ́ yẹn kan náà ni Táíwò yọ íápíìsì kúrò létí Kẹ́hìndé, tó ti sùn lọ pẹ̀lú orin tí àwọn tó wà ní pálọ̀ ń gbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ohùn bá wà ní ìwọ̀n 80 désíbẹ̀lì, ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ ni àgbàlagbà lè gbọ́ ọ láìpa etí lára, àti pé bí ó bá ti ń ga sí i ni wákàtí ń dín kù kíákíá. Kò sí hẹ́dífóònù olówó iyebíye tó lè ra èyí tó bá ti lọ padà.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ sítúdíò sọ ni ó gbé Bàbá Ìbejì dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Dùgbẹ̀, láàárín àwọn rédíò tí àwọn olówó wọn ti gbàgbé. Bàbá náà kò béèrè nípa hẹ́dífóònù. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì, ó wò ó sí oòrùn, ó sì ṣí ẹ̀rọ kan tó jọ pé ó dàgbà jù ú lọ.

Àlàyé tó ṣe kò gùn. Ọ̀já inú kásẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin, kì í sì í sáré tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orí ẹ̀rọ tó ń kà á ní àlàfo kan tó tín-ín-rín ju irun lọ, àlàfo náà sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀já gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀ ṣe dúró. Bí èyí tó gbà á sílẹ̀ bá fì díẹ̀, tí èyí tó ń kà á sì dúró ṣánṣán, ohùn ìsàlẹ̀ yóò jáde láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n ohùn òkè yóò pa ara rẹ̀ rẹ́. Rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù ní ọdún 1987 ti fì. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ nígbà náà, nítorí rédíò kan náà ni wọ́n ń fi gbọ́ ọ.

Ó fi òwú bọ inú sípírítì, ó nu orí ẹ̀rọ náà, òwú náà sì dúdú bí àdúdú ìkòkò. Ó wá mú súkúrúdíráfà kékeré, ó ń yí èso kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ohùn ìyá náà dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ó tún yí i. Lójijì, bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé, atẹ́gùn wọ inú ohùn náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni ó gbà. Táíwò gbé e sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká níbẹ̀, ó sì fi hẹ́dífóònù tó fi ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ọ, èyí tó rà ní 18,000 náírà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pátápátá, tí rọ́bà rẹ̀ sì ti ń bó.

"Ọ̀sà ni, Dádì. S ni."

Ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí. Bàbá náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò dá a lójú. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ní òun gbọ́ ìsín náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ó sì fi kún un pé òun kò mọ̀ bóyá etí òun ló gbọ́ ọ tàbí ọkàn òun, nígbà tí ọmọ ti wí bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹbí. Ó sọ pé ọ̀sà ni, pé etí Táíwò ló gbọ́ ọ, pé òun fara mọ́ ọn. Bùrọ̀dá olówó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá béèrè irú hẹ́dífóònù tí wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n sọ iye rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi nǹkan ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún kọ ìtàn ìran odidi, ó ní òun ti gbọ́ pé irú kan wà ní Dubai, òun yóò sì rà á fún Bàbá Ìbejì bí ó bá jẹ́ pé owó ló kù.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. Ohun tó ti ń wù ú fún oṣù méjì ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí bùrọ̀dá ṣeun. Ó ní bí ó bá jẹ́ ọmọ sítúdíò tó ń fi etí jẹun ni òun, òun ìbá gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ti kúrò ní ti hẹ́dífóònù. Ó wá fi ohùn tuntun náà sí orí WhatsApp ẹbí, kí olúkúlùkù fi ohun tó ní gbọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ tó wà ní London, tó wà ní Èkó, tó wà ní Ṣàgámù ti dáhùn, s ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn gbọ́. Àwọn àgbà pín sí méjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀sà ni atẹ̀wé tẹ̀. Bùrọ̀dá san owó tó ṣèlérí fún ìwé náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé àwọn kan nínú ẹbí ní èrò mìíràn, wọ́n sì fi sí i.

Owó ìfẹ̀yìntì tún òrùlé ṣe, ó sì ra bátìrì ínfátà méjì. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí iná lọ tí wọn kò tan jẹnẹrétọ̀, aládùúgbò ọ̀tún kò sí nílé, onídírẹ́sà sì ti palẹ̀mọ́. Bàbá Ìbejì jókòó sí pálọ̀, ó yá hẹ́dífóònù Táíwò, ó sì tan ohùn ìyá rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó gbọ́ odó náà. Ohun tí ó rò pé HD 600 nìkan ló lè gbé jáde ti wà nínú ti 18,000 náírà láti ọjọ́ yìí wá. Ariwo ilé ni kò jẹ́ kó yọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó rí ojú rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó ń gbọ́. Ó yọ ọ́ kúrò lórí, ó gbé e lé obìnrin náà lórí gèlè. Ìyàwó náà dúró, ó tẹ́tí, ó fi ọwọ́ kan di etí kan mú. Ní ọdún 1987 yẹn, wọn kò tíì ṣe ìgbéyàwó. Àfẹ́sọ́nà ni, wọ́n kàn ní kó wá bá wọn ṣe iṣẹ́ òkú ni.

"Ẹ̀gúsí ni," ló wí. "Èmi ni mò ń gún un."